Àmì Ohùn Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, Abuja, sọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nìyí. Mo tún un kọ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ooru. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ó ní kí n mú ohun tó bá wù mí. Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn ni mo mú wá.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ pé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sínú ìgò kékeré, tí mo ń kọ iye ohun tí mo bá rí sórí ìwé. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan wá bá mi láti Nyanya. Ó tú ọ̀rá dúdú kan tó so mọ́ ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ìwé èsì tí wọ́n ti ká sí mẹ́rin jáde. Ibòmíràn ló ti ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹnì kan ti fi bírò pupa yí nọ́ńbà kan po lórí rẹ̀: CRP, 14. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọn ò jókòó. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ dákun, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Jẹjẹrẹ ọmú ló pa àbúrò mi obìnrin. Ọmọ mi wò ó lórí fóònù, ó ní ẹni tí nọ́ńbà yìí bá ti ga lára rẹ̀, jẹjẹrẹ ń bọ̀ nìyẹn."

Èmi kì í ṣe dókítà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí, àwọn ni mo gbé wá. Kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ gan-an? Àti pé, ohun tó pa àbúrò wọn, ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka ọwọ́. Bí ọ̀bẹ bá gé yín níka níbi tí ẹ ti ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ibẹ̀ á ti pọ́n, á gbóná, á wú, á sì máa ro yín. Àwọn ará Róòmù ti ka àmì mẹ́rin wọ̀nyí sílẹ̀ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ara ń jà ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ti gbọ́ ariwo, wọ́n ti sáré dé, wọ́n ń pa kòkòrò, wọ́n ń kó pàǹtí kúrò nílẹ̀. Mo máa pe ìjà yìí ní iná ara, kí ọ̀rọ̀ wa lè yá. Iná tó wúlò ni. Ẹni tí kò bá ní i, egbò kékeré lè gbẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, iná á kú, egbò á san.

Nígbà tí iná yìí bá ràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì máa ń rán ìránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Interleukin ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìránṣẹ́ náà. Ẹ máa gbọ́ IL-1 àti IL-6 lẹ́nu mi. Bí IL-6 bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì kan jáde, òun ni CRP tó wà lórí ìwé ìyá yẹn. Ọdún 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis rí i ní New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà dá gúnlẹ̀. Bí ara bá balẹ̀, kì í sábà ju mílígíráàmù 3 lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí àrùn ńlá bá wọlé, ó lè kọjá 100 láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Bí ohun tó fà á bá sì kúrò, ìdajì rẹ̀ á ti lọ kí wákàtí 20 tó pé. Èéfín ni CRP, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá rí èéfín mọ̀ pé nǹkan ń jó níbì kan, ṣùgbọ́n èéfín kò lè sọ bóyá ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè tàbí ilé ló gbiná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan jẹjẹrẹ ni iná tí kò kú. Ní 1863, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Rudolf Virchow rí sẹ́ẹ̀lì funfun nínú ẹran ara tí jẹjẹrẹ ti mú, ó sì sọ pé ibi tí iná ara bá ti pẹ́ jù ni jẹjẹrẹ ti ń hù. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ayé tó tún dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí dáadáa. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé ohun ìjà tí sẹ́ẹ̀lì funfun fi ń pa kòkòrò lè ba DNA ara wa náà jẹ́, ìyẹn ìwé ìtọ́ni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ibi tó bá bàjẹ́, ara gbọ́dọ̀ ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun dípò rẹ̀, kó da gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo ẹni tó ń da ìwé orin ìjọ kọ. Bó bá dà á kọ lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe lè má tó nǹkan. Bó bá wá ń dà á kọ lójoojúmọ́ fún 20 ọdún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà tó ń rú èéfín, tí ẹnì kan tún ń gbá a lọ́wọ́? Lọ́jọ́ kan, á kọ ohun tí kò yẹ kó kọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín tí mo fi ojú mi rí. Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kano, wọ́n fi mí sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé tó wà létí omi tí wọ́n fi ń rin oko. Inú omi yẹn ni àwọn ọmọkùnrin ti ń wẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ màlúù. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní tsargiya. Àwa ń pè é ní àtọ̀sí ajá; aràn kan ló ń fà á. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn bàbá kan gbà pé ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ ti ń di géńdé nìyẹn. Mo gbé ìtọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹyin aràn náà gùn, ó ń dán, ó jọ kóró ẹ̀gúsí tí wọ́n bó, ó wá ní ẹ̀gún kan ṣoṣo ní ìdí, ṣónṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́. Mo tún un wò, nǹkan ń mì nínú rẹ̀. Ó wà láàyè.

Ẹ̀gún yẹn wà lára ẹyin bó ṣe ń la ẹran àpò ìtọ̀ kọjá láti jáde. Èyí tó bá jáde á bọ́ sómi, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wọ inú ìgbín odò, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á tún jáde wá wọ awọ ara ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi. Èyí tí kò bá rí ọ̀nà jáde á há sínú ẹran àpò ìtọ̀. Ibẹ̀ ni iná á ti máa jó, ọdún lórí ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn lè di ẹni ogójì tàbí àádọ́ta ọdún kí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tó yọjú, kò sì sẹ́ni tó máa rántí odò tó wẹ̀ nígbà èwe. Ní 1994, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ aràn yìí mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Oògùn rẹ̀ ń jẹ́ praziquantel. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á ka oògùn fún un bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, ó tán, àfi bó bá tún padà sínú omi yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko lẹ́bàá omi ní Kano, ní Kaduna, ní Niger, tàbí nílé lọ́hùn-ún, bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe fi ṣe ẹ̀rín, ẹ má sì fi ṣe ìtìjú.

Iná kejì ni mẹ́dọ̀wú B, tí òyìnbó ń pè ní hepatitis B. Kòkòrò yìí máa ń wọ ẹ̀dọ̀, á sì jókòó. Bó bá mú àgbàlagbà, ara á sábà lé e jáde. Bó bá jẹ́ ìkókó ló kó o lára ìyá rẹ̀ níbi ìrọbí, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú wọn ni kòkòrò náà kì í kúrò lára wọn. Ẹ̀dọ̀ á máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìro ẹnikẹ́ni, títí á fi le gbagidi tàbí kí jẹjẹrẹ mú un. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú èyí tí ìjọba ń fún ọmọ wẹ́wẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwa tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni a ti bí ṣáájú ọdún yẹn.

Bí ẹ̀pà tó bu bá tún wá kún un, ọ̀ràn di méjì. Olu kan wà tó máa ń hù lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí wọn ò sá gbẹ dáadáa, ó ń tu májèlé kan tó ń jẹ́ aflatoxin. Májèlé yìí nìkan lè ba DNA ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bó bá pàdé mẹ́dọ̀wú B lára ẹnì kan náà, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ á di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra ẹ̀pà ní àpò ní ọjà, ẹ̀pà tó ti bu, tó hunjọ, tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù. Ẹ má sọ pé ẹ máa lọ̀ ọ́ mọ́ kulikúlí. Sísun kì í pa májèlé yẹn tán.

Ti jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí ẹ ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Kòkòrò HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Abuja sì wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ gbà á fún wọn.

Ó wá ku ìbéèrè kejì. Ọmọ méjì wẹ̀ nínú odò kan náà. Ọ̀kan ṣàìsàn jẹjẹrẹ, ìkejì darúgbó kó tó lọ. Kí ló fa ìyàtọ̀? Iye ìgbà tí wọ́n wọ omi wà níbẹ̀, sìgá wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Àbùdá, ohun tí a jogún lára òbí wa, náà wà níbẹ̀.

Àwa Yorùbá kò yẹ kí ọ̀rọ̀ àbùdá ṣòro fún wa, torí èdè wa ti kọ́ wa. Ẹ kọ igba sílẹ̀. Bí ẹ bá fi àmì sí i báyìí, igbá tí a fi ń bu omi ni. Ẹ yí àmì padà, ó di ìgbà tí a ń lò láyé. Ẹ tún un yí, ó di igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà kò yí, àmì kékeré orí rẹ̀ ló yí, ọ̀rọ̀ sì di òmíràn. Bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà ló wà nínú DNA wa. Nínú gbogbo rẹ̀, lẹ́tà kan péré tó yí padà ló sọ AA di AS, bó bá sì wá láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, SS. Gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn, kò sí pásítọ̀ tàbí àlùfáà tí kì í béèrè jẹ́nótáìpù mọ́ kó tó so yìgì.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìyípadà mìíràn kì í ba nǹkan jẹ́. Èkìtì á pe ilé ní ulé, ilé kò sì wó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìyàtọ̀ tó wà nínú DNA wa rí: ẹ̀ka èdè ni, kì í ṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ tó wà níwájú onímọ̀ ni láti mọ èyí tó yí ìtumọ̀ padà.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun kan tí inú mi máa ń dùn láti sọ. Nígbà tí ayé fẹ́ ya àwòrán ìyàtọ̀ inú DNA ọmọ ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ HapMap, ibi mẹ́rin ni wọ́n lọ: Utah ní Amẹ́ríkà, Tokyo, Beijing, àti Ìbàdàn. Ìdílé Yorùbá 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 90, ló fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Títí di òní, bí ọ̀mọ̀wé kan ní Jàpáànù bá fẹ́ mọ bí DNA ará ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣe rí, YRI ló máa kọ́kọ́ ṣí, ìyẹn Yorùbá Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa wà nídìí ìmọ̀ yìí. Kò yẹ kó jẹ́ àwa ló máa kẹ́yìn láti jàǹfààní rẹ̀.

Àwọn jíìnì, ìyẹn àwọn abala DNA, tó ń darí iná ara náà ní àmì ohùn tiwọn. Bakitéríà kan wà tó ń gbé inú ikùn, Helicobacter pylori. Òun ló ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Barry Marshall, ará Australia, gbé e mu ní 1984 kí àwọn tó ń jiyàn lè gbà. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Bakitéríà yìí náà lè fa jẹjẹrẹ ikùn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tó ní i lára kì í ní jẹjẹrẹ. Ní 2000, Emad El-Omar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i láàrin àwọn ará Scotland àti Poland pé àwọn tí jíìnì IL-1 wọn ní àmì kan báyìí ni jẹjẹrẹ ikùn wọ́pọ̀ sí lára. Iná tiwọn ń jó ju ti ẹlòmíràn lọ bí bakitéríà náà bá dé. Nígbà tí wọ́n wá wò ó lára àwọn ará Asia, kò rí bákan náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àríwá Nàìjíríà tààrà. Christopher Holcombe, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Maiduguri, kọ̀wé ní 1992 pé bakitéríà yìí pọ̀ lára àwọn èèyàn wa, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ikùn kò pọ̀. Ó pè é ní àdììtú Áfíríkà. Àwọn kan ní àbùdá wa ló ń gbà wá. Àwọn mìíràn ní níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì bọ ọ̀nà ọ̀fun láti fi wo ikùn, tí wọ́n ń sọ pé inú rírun ló pa bàbá, ta ló ń ka jẹjẹrẹ ikùn? Ẹ̀yìn àwọn kejì yìí ni mo wà. Mo ti rí ìwé ìsìnkú púpọ̀ tó kọ "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́".

Ẹ jẹ́ ká padà sórí nọ́ńbà tí wọ́n fi bírò pupa yí po. Òótọ́ ni ọmọ ìyá yẹn rí lórí fóònù: àwọn tí CRP wọn ga ní jẹjẹrẹ ju àwọn tí tiwọn lọ sílẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó kù ni bóyá CRP ló ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn onímọ̀ ní Copenhagen, ní Denmark, lo àbùdá láti fi dáhùn. Àwọn ènìyàn kan wà tí a bí mọ́ àmì ohùn tó máa ń gbé CRP wọn sókè láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, láìjẹ́ pé àrùn kankan wà lára wọn. Bó bá jẹ́ CRP fúnra rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ, ó yẹ kí jẹjẹrẹ pọ̀ lára wọn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 ni pé kò pọ̀. Mo fẹ́ràn ìwádìí yẹn gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ èéfín dànù kò tíì pa iná.

Ìyá wa ti Nyanya ńkọ́? Mo ní kí wọ́n ya ẹnu. Eyín kan ti jẹrà dé ìdí, ẹran ìdí rẹ̀ ti wú, wọ́n sì ti ń fi kànáfùrù há a láti oṣù mẹ́rin. Wọ́n yọ eyín náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fa ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i: CRP, 2.

Kí n má ṣi yín lọ́nà: bí a bá dé ìdí iná, ó lè yí nǹkan padà. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2017, tí wọ́n ń pè ní CANTOS, lo oògùn tó ń dí IL-1 lọ́wọ́ fún àwọn tó ti ní àìsàn ọkàn rí, àwọn ènìyàn tó lé ní 10,000. Nítorí ọkàn ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró dín kù lára àwọn tó gba oògùn náà. Àkóràn tó ń pani sì pọ̀ díẹ̀ láàrin wọn, torí ẹni tó bá pa iná ara pa iná tó ń dáàbò bò ó pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n fi oògùn kan náà tọ́jú àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró ti mú tán, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta àgbo fún yín nínú bọ́ọ̀sì pé ó ń pa gbogbo iná ara, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí ara yín fi jà lọ́jọ́ tí ibà bá dé.

Ibi tí mò ń lọ láti àárọ̀ nìyí. Àǹtí mi kan, àbúrò màmá mi, ń gbé ní Kaduna láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n rí kókó nínú ọmú wọn, jẹjẹrẹ ni. Ilé ìwòsàn ní kí wọ́n gba kẹmó, oògùn tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Kí wọ́n tó fúnni ní kẹmó, wọ́n máa ń ka irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó ń jẹ́ neutrophil, nítorí kẹmó máa ń pa á, bí kò bá sì tó, àkóràn lè gbé ènìyàn lọ. Ààlà tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé ni 1.5. Ti àǹtí mi jẹ́ 1.2. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n padà lọ, 1.3. Wọ́n ní kí wọ́n lọ máa jẹ ẹ̀fọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, 1.2. Kókó inú ọmú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà kí wọ́n tó pè mí, wọ́n ń sunkún lórí fóònù pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ni kò dára.

Mo ní kí àwọn ọmọ wọn tú àpótí, kí wọ́n wá gbogbo ìwé àyẹ̀wò àtijọ́. Wọ́n rí èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó yọ ìjù ní ọdún 11 sẹ́yìn: 1.2. Wọ́n rí èyí tí ibi iṣẹ́ ní kí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì: 1.3. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe máa ń rí nìyẹn látọjọ́ tó ti pẹ́, wọn kì í sì í ṣe àìsàn.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Lára sẹ́ẹ̀lì pupa ọ̀pọ̀ ọmọ aráyé, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ Duffy. Irú ibà kan, vivax, máa ń gba ara rẹ̀ wọlé bí ẹni gba ilẹ̀kùn. Láyé àwọn baba ńlá wa, lẹ́tà kan yí padà, ilẹ̀kùn náà sì parẹ́ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1976 pé ìdí nìyẹn tí vivax kì í fi í sábà rí wa mú. Lónìí, ó ṣòro láti rí ọmọ Yorùbá kan tí Duffy wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀. Ṣùgbọ́n Duffy yìí kan náà ló ń fa àwọn ìránṣẹ́ iná ara mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀, bí kànrìnkàn ṣe ń fa omi. Ibi tí kò bá sí, ètò àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun á yàtọ̀. Ní 2009, àwọn onímọ̀ fi hàn pé lẹ́tà yẹn ló fà á tí neutrophil fi ń kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà. Kò sọ pé wọn ò lè bá àrùn jà. Ìwádìí ṣì ń lọ lórí bí Duffy ṣe ń yí ọ̀nà tí àwọn ajagun yìí ń gbà wọ inú kókó ọmú.

Mo kọ lẹ́tà, mo so àwọn ìwé àtijọ́ náà mọ́ ọn. Dókítà tó gbà á kà á tán, ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kẹmó lọ́sẹ̀ yẹn pẹ̀lú ìṣọ́ra. Àǹtí mi wà láàyè, mo dúpẹ́. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ṣì ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó hùwà ìkà sí wọn. Ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni wọ́n ti kọ láti ara ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kì í ṣe àwa, wọ́n wá fi ka tiwa, bí ẹni ń fi àmì ohùn èdè ẹlòmíràn ka Yorùbá.

Nígbà tí mo parí, bàbá kan dìde, wọ́n béèrè bóyá kí àwọn ní kí ọmọ àwọn tó wà ní London ra àyẹ̀wò jíìnì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn lè mọ bóyá iná ara àwọn máa di jẹjẹrẹ. Mo ní, bàbá, ẹ má náwó yẹn. Àwọn jíìnì IL-1, IL-6 àti CRP tí a ń sọ yìí, díẹ̀ báyìí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi kún ewu tàbí tó ń yọ kúrò, ara òyìnbó sì ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣirò náà. Àwọn jíìnì kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀, bíi BRCA: ẹni tó bá jogún èyí tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, ewu jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ga gan-an. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 1,000 tí jẹjẹrẹ ọmú mú, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló jogún irú jíìnì bẹ́ẹ̀ tó ti bàjẹ́. Ìyá wa ti Nyanya sọ pé ẹni ọdún 38 ni àbúrò àwọn nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Nítorí ìyẹn, kì í ṣe nítorí CRP, ni mo ṣe ní kí wọ́n lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa BRCA, kí wọ́n sì mú àwọn ọmọbìnrin wọn dání.

Mo wá sọ fún gbogbo ilé pé: àwọn nọ́ọ̀sì méjì ti wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn báyìí, wọ́n ti tẹ́ tábìlì wọn. Mẹ́dọ̀wú B ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka, kò gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹ̀yin tí a bí ṣáájú 2004, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá ní ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ nínú àpò, èmi ni kó gbé e wá bá.